Àtẹ̀gùn Tí Kíá Kò Jẹ́ Kí Ìyá Onílà Gùn

Bí iná bá ti lọ, fáànù á dúró, ṣọ́ọ̀bù á pa lọ́lọ́. Ìgbà yẹn ni etí á wá máa gbọ́ ọkàn Ìyá Onílà.

Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í lù, ṣùgbọ́n a kì í gbọ́ ti ẹlòmíì àfi tí a bá fi etí lé e láyà. Ti Ìyá Onílà yàtọ̀. Ó ń dún tà, tà, tà, bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi èékánná ta ìdérí agolo. Dókítà ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Ó ní ọkàn ní àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí tó ń tì bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣe ń kọjá. Ọ̀kan nínú ti Ìyá Onílà ti bàjẹ́, kì í padé mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn padà sẹ́yìn. Wọ́n la àyà rẹ̀, wọ́n yọ ọ́, wọ́n fi tuntun tí wọ́n ṣe síbẹ̀. Èyí tuntun yẹn ló ń dún.

Ìyá Onílà ní, "Ó dára náà. Bí mo bá ṣì ń dún, ẹ mọ̀ pé mo wà nílé."

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí kò ní dún mọ́ ni òun ń rò.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òkè ilé kan náà ló ń gbé. Tábìlì gígùn kan, áyọ́ọ̀nù méjì, báfù sítáàṣì, háńgà lára gbogbo ògiri. Ìlà tó máa ń fà sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò ló sọ ọ́ di Onílà. Wọ́n ní tí eṣinṣin bá ṣèèṣì bà lé ìlà náà, á fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Kó tó ṣàìsàn, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé agbọ̀n aṣọ tútù gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, níbi tí okùn ìsáṣọ wà. Á máa kọrin lọ. Ẹni tó bá ní kí òun bá a gbé e, á bi í pé, "Ṣé mo ti darúgbó lójú ẹ ni?"

Ọmọ kan ló bí. Bàbá ọmọ náà kú kí ọmọ tó mọ ojú rẹ̀. Abẹ́ tábìlì yẹn ni ọmọ ti kọ́ ìrìn. Ìwé rẹ̀ kò jìnnà, ó fi í sílẹ̀ wá lọ aṣọ. Kíá ni wọ́n ń pè é, torí pé kí oníbàárà tó la ẹnu tán, ó ti débẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ọwọ́ yíyá yẹn ló fẹ́ẹ̀ pa ìyá rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ní kí ìyá máa lọ sílé, dókítà bá Kíá sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Bùrọ̀dá, ẹ má jẹ́ kí Ìyá gbé ohun tó wúwo fún ìgbà díẹ̀, kí egungun àyà lè jinná. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ méjì ni dókítà sọ. Ẹ̀rù ti di Kíá létí kí ìkejì tó dé. Ó ti rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà ní imú, rọ́bà ní ọrùn, àyà tí wọ́n rán bí ẹnu àpò ìrẹsì. Ohun tó rí yẹn kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́.

Bí wọ́n ṣe délé, ó gbé bẹ́ẹ̀dì ìyá wá sí yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àtẹ̀gùn ti di èèwọ̀. Tí ìyá bá na ọwọ́ sí áyọ́ọ̀nù, Kíá ti gbà á. Tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ṣa háńgà, Kíá ti ṣà á. Omi ìwẹ̀ ti wà nílẹ̀ kó tó dìde. Omi mímu pàápàá, gbígbé e mì nìkan ló kù fún ìyá.

Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín. Wọ́n ní irú ọmọ báyìí ṣọ̀wọ́n. Ta ló máa jókòó tí àgbà á máa gbé ẹrù níwájú òun? Ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá á ní, "Kíá, jẹ́ n ṣe nǹkan."

"Màámi, ẹ jókòó."

"Mo ti jókòó títí, ìdí mi ti fẹ́ di àga."

"Ẹ ṣáà jókòó. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní."

Ìyá á jókòó. Iná á lọ. Tà, tà, tà. Kíá á dá iṣẹ́ dúró, á tẹ́tí. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ dákẹ́. Ẹ̀rù tún ń bà á tó bá yára. Bí ó bá ti sáré díẹ̀ báyìí, Kíá á fi ojú wá ìyá, á sì rí i tó jókòó, tó ń wo ògiri. Kí iná dé ni àdúrà rẹ̀, kí fáànù lè bo ariwo náà.

Ọsibítù yẹn ní obìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìbéèrè. Àwọn tí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn fún, ó máa ń lọ bá wọn nílé, á wádìí bí ayé ṣe rí fún wọn. Kì í ṣe bóyá ọkàn ń lù; ẹ̀rọ lè sọ ìyẹn. Bóyá ìgbé ayé fúnra rẹ̀ ti padà ló fẹ́ mọ̀. Ṣé oorun ń kùn wọ́n? Ṣé wọ́n ń rìn? Kí ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọn ò lè ṣe mọ́? Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ló ní máàkì. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá kéré, dókítà á pè é kíákíá. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga, ó di ọjọ́ tó jìnnà. Ìyá Onílà sọ ọ́ ní Oníbèéèrè lójú ẹsẹ̀.

Oníbèéèrè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. "Ìyá, báwo lara?"

"A dúpẹ́."

"Ìyá, mi ò fẹ́ a dúpẹ́ lónìí. Òótọ́ ni mo bá wá."

"Ṣé irọ́ ni ọpẹ́ ni?"

Oníbèéèrè rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ṣé èémí yín máa ń gé?"

Kíá ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá. "Wọn kì í gun àtẹ̀gùn. Mo ti kó gbogbo nǹkan wọn wá sí ìsàlẹ̀."

"Ìyẹn ni pé kò dà yín láàmú, Ìyá?"

"Kò dà mí láàmú."

Òótọ́ ni. Àtẹ̀gùn tí èèyàn kò gùn, báwo ló ṣe fẹ́ dà á láàmú?

"Ẹrù gbígbé ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń gbé e," Kíá ní.

"Iṣẹ́ ilé ńkọ́? Ṣé kì í rẹ̀ yín?"

"Iṣẹ́ wo?" Ìyá fi ẹnu júwe ọmọ rẹ̀. "Ọ̀gá tí ẹ ń wò yẹn ò jẹ́ n fọwọ́ kan nǹkan. Ọba gan-an ò jókòó tó mi."

"Oorun ńkọ́?"

Ìyá fi ọwọ́ pa aṣọ lórí orúnkún, bí ẹni pé ó ń wá ìlà níbẹ̀. "Mò ń sùn."

"Ṣé ẹ̀rù kankan ń bà yín?"

"Ẹ̀rù kẹ̀? Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ."

Oníbèéèrè ṣírò máàkì. Ó ní, "Ìyá, ẹ yege. Nínú gbogbo àwọn tí mo rí lóṣù yìí, kò sẹ́ni tó ṣe tó yín. Ó tún di ọdún tó ń bọ̀."

Ó yẹ kí inú Kíá dùn. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó wọlé pé òun ṣe ipò kìíní. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò bá Kíá lára mu. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú rẹ̀ sì ti rí nǹkan tí ọkàn rẹ̀ kò tíì fẹ́ gbà. Sílípáàsì Kíá ni ìyá ń wọ̀ láti ọjọ́ díẹ̀. Ó ti bi í, ìyá ní tòun há. Ó gbé e kúrò lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ sílípáàsì kì í súnkì.

Kò pẹ́ sí i, Tíṣà gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan padà wá. Oníbàárà wọn tó pẹ́ jù ni Tíṣà, ọkùnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé kíláàsì wà níwájú rẹ̀ níbi gbogbo. Ó tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì.

"Ìyá Onílà, mo kí yín o. Ìbéèrè kékeré kan ni mo ní. Ta ló sùn lórí ṣẹ́ẹ̀tì mi?"

Obìnrin kan tó ń dúró de aṣọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín.

Kíá mú ṣẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi lọ̀ ọ́, ó sì ká a dáadáa, ó dì í mọ́ tàwọn yòókù nínú aṣọ funfun. Ó wò ó. Kì í ṣe bí aṣọ ṣe ń rún nínú báàgì ló ṣe rún. Ó rún bí ìgbà tí ara tó wúwo bá gbé lé e fún ìgbà pípẹ́. Ó gbé e sí imú. Òórùn ìpara tí ìyá ń fi pa àyà ló gbọ́.

"Ẹ má bínú, Tíṣà. Màá tún un lọ̀ báyìí."

"Mi ò bínú. Mo kàn ní kí n mọ̀ bóyá onítọ̀hún sùn dáadáa ni."

Ìyá Onílà kò rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí Tíṣà lọ tán, Kíá wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó ká aṣọ ìbora. Ìdì aṣọ oníbàárà ló tò lé ara wọn ní orí bẹ́ẹ̀dì, tó ga dé ibi tí èjìká ẹni tó jókòó máa ń dé. Ìyá rẹ̀ kò dùbúlẹ̀ sùn mọ́. Ó ń jókòó sùn, ó sì ń tètè jí tú ìdì náà ká kí Kíá tó dé. Lónìí nìkan ni kò rí i tú.

Ìyá ti dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Màámi, láti ìgbà wo?"

"Tí mo bá nà sílẹ̀, ó máa ń dà bíi pé omi ń kún mi dé ọ̀nà ọ̀fun."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"O ò bi mí. O kàn ń gba nǹkan lọ́wọ́ mi ni."

Kíá wo ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ nínú sílípáàsì tó tóbi. Ẹsẹ̀ náà ti kún un dí, awọ ara ń dán bí ọ̀rá.

"Ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù, Màámi."

"Kí wọ́n tún wá là mí?" Ohùn ìyá kò ròkè. "Kíá, mo ti rí ibẹ̀. Mo jí, mi ò lè sọ̀rọ̀, mi ò lè gbé ìka. Mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Máàkì tí mo gbà, òun ni kí o jẹ́ n máa jẹ."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Tí Kíá bá dákẹ́, omi inú ara yóò bo ìyá. Tí ó bá sọ, wọ́n lè tún là á, ta ló sì mọ̀ bóyá yóò jí? Iná lọ lákòókò yẹn. Wọ́n jọ dúró, wọ́n jọ ń gbọ́ ọ. Kò dún bíi ti tẹ́lẹ̀. Tà náà ti ní eruku lẹ́nu. Ó ń dún bí ilẹ̀kùn tí aṣọ há sí lẹ́nu.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kíá lọ wá Oníbèéèrè. Ó rò fún un nípa ṣẹ́ẹ̀tì Tíṣà. Oníbèéèrè kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀.

"Bùrọ̀dá, ohun tí wọ́n ń ṣe ni mo bèèrè. Mi ò bèèrè ohun tí ẹ ń bá wọn ṣe. Ẹ gbé wọn wá lónìí."

"Wọn ò ní wá."

"Nígbà náà, ẹ jẹ́ ká lọ."

Ìyá rí wọn tí wọ́n jọ wọlé, ó mọ̀. "Oníbèéèrè, ṣé ẹ wá gba máàkì yín padà ni?"

"Ìyá, mo fẹ́ kí dókítà rí yín lónìí."

"Ara mi le." Ó na ọwọ́, ó mú ṣòkòtò tútù kan nínú agbọ̀n. Kíá ti gbéra láti gbà á. "Má gbà á. Àtẹ̀gùn tí ẹ ń sọ yìí, màá gùn ún. Màá sá ṣòkòtò yìí lókè. Tí mo bá débẹ̀, ẹ fi mí sílẹ̀. Tí mi ò bá débẹ̀, ẹ máa gbé mi lọ."

Oníbèéèrè gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Mo gbà. Màá wà lẹ́yìn yín. Ibi tó bá ti sú yín, ẹ dúró." Ó kọjú sí Kíá. "Ẹ̀yin, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n."

Kíá dúró sí ìdí àtẹ̀gùn. Ó ki ọwọ́ méjèèjì sí abẹ́ apá, ó fún wọn mọ́ra. Gbogbo ohun tó mọ̀ nínú ayé ni kí ọwọ́ òun tètè débẹ̀. Ìyá gbé ẹsẹ̀. Ó tún gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ àtijọ́, orin agbọ̀n aṣọ. Iná kò sí. Orin àti ọkàn jọ ń dún lórí àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà orin gé. Tà-tà-tà nìkan ló kù, ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀. Ìyá di irin àtẹ̀gùn mú. Èjìká rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Kò tíì dé ìdajì.

Ó yíjú padà. Kò wo Oníbèéèrè.

"Kíá."

"Màámi."

"Ó ń dà mí láàmú."

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ṣòkòtò tútù lórí itan. Kíá fẹ́ sáré, Oníbèéèrè na ọwọ́ sí i pé kó dúró.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán."

Ìyá sọ ọ́ tán. Èémí ò tó o. Oorun ò kùn ún. Ó ti ń rẹ̀ ẹ́ láti dìde lórí àga tí ọmọ rẹ̀ ní kó jókòó sí. Ẹ̀rù ń bà á. Gbogbo ìbéèrè ọjọ́ sí, ibẹ̀ ló ti dá wọn lóhùn. "Ẹ gbé mi lọ," ó ní. "Mo fẹ́ gun àtẹ̀gùn mi."

Ẹ̀jẹ̀ ló dì mọ́ ilẹ̀kùn tuntun náà. Kò jẹ́ kó ṣí dáadáa. Dókítà ní tó bá pẹ́ sí i díẹ̀, ilẹ̀kùn ì bá há pátápátá. Wọ́n là á lẹ́ẹ̀kejì. Kíá jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú ọ̀nà ọsibítù, ó ń wo ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Gbogbo ìgbà tó bá ṣí, á dìde. Nọ́ọ̀sì jáde, kì í ṣe tirẹ̀. Agbálẹ̀ jáde. Nígbà tí dókítà wá jáde, Kíá ti débẹ̀ kó tó la ẹnu. Dókítà ní: "Ó ń dún."

Ìyá padà wálé. Ó ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì òun padà sí òkè. Kó tó ṣe iṣẹ́ mìíràn, ó mú abẹ́rẹ́, ó rán àpò tuntun jíjìn sí gbogbo ṣòkòtò Kíá.

"Ilé ọwọ́ rẹ rèé. Tí mo bá ti ń gbé nǹkan, kó wọlé."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Lákọ̀ọ́kọ́ aṣọ ìnuwọ́ méjì, lẹ́yìn náà ṣẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà ìdajì agbọ̀n. Ìyá á máa gùn, á máa kọrin, á dúró, á tún máa gùn. Kíá á dúró ní ìsàlẹ̀, ọwọ́ nínú àpò, àpò á tutù fún òógùn. Ẹ̀rù kò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ìyá mọ̀. Á bojú wo ìsàlẹ̀ láti òkè, á ní, "Ṣé o ṣì ń mí?"

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó gbé ṣòkòtò Tíṣà lọ sókè. Orin rẹ̀ dé òkè. Iná lọ. Fáànù dúró. Láti ìsàlẹ̀, èèyàn kò lè gbọ́ ọkàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni Kíá máa ń gbọ́. Kò gbọ́ ẹsẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó dúró. Òfin ni. Ó dúró títí òfin fi já lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré gùn ún.

Ìyá jókòó sórí àga lẹ́bàá okùn, orí rẹ̀ fara ti ògiri. Ṣòkòtò ti wà lórí okùn, ó ti fi ọwọ́ fa ìlà rẹ̀ kó lè gbẹ bẹ́ẹ̀. Kíá fi etí lé e láyà. Kò sí nǹkan tó ń dún níbẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, Oníbèéèrè tún dé. Kò tíì gbọ́. Ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá ńkọ́?"

Kíá gbé àga fún un. "Ìyá ti lọ."

Oníbèéèrè fi bírò rẹ̀ sínú báàgì. Ó kẹ́dùn, ó fẹ́ dìde.

"Ẹ bi mí," Kíá ní.

"Bùrọ̀dá."

"Ẹ bi mí, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ṣe máa bi wọ́n gan-an."

Oníbèéèrè tún mú bírò rẹ̀ jáde. "Ṣé wọ́n ń sùn dáadáa?"

"Wọ́n ń nà sílẹ̀ sùn."

"Ṣé wọ́n ń gbé nǹkan?"

"Wọn ò jẹ́ n gbà á."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà wọ́n?"

"Èmi ni. Ó ṣì ń bà mí."

Ohùn Oníbèéèrè lọlẹ̀. "Àtẹ̀gùn ńkọ́?"

Kíá wo àtẹ̀gùn. Áyọ́ọ̀nù ti gbóná lórí tábìlì. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú àpò.

"Wọ́n gùn ún," ó ní. "Wọ́n gùn ún dé òkè."